Bí ẹ ṣe lè kó obìnrin mẹ́fà jọ sídìí Wikipedia, tí wọn ò sì ní sá lọ lọ́sẹ̀ kejì

Òkun o, gbogbo ilé.

Kàbà, ní ilẹ̀ Òkun, ní ìpínlẹ̀ Kogi, ni mò ń gbé, ṣọ́ọ̀bù mi ò sì jìnnà sọ́jà. Ó di ọdún kọkànlá báyìí tí mo ti ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí mò ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí mò ń bá àwọn ọmọ yẹ èsì ìdánwò wò. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni mo ní, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó ń wúkọ́ bí arúgbó nínú ọyẹ́. Èmi ni mò ń tú kọ̀ǹpútà, èmi ni mò ń to wáyà, èmi náà ni mò ń gbọn eruku inú ẹ̀rọ dànù. Síbẹ̀, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan ò ní wọlé, kó wo ojú mi, kó tún na ọrùn wo ẹ̀yìn mi, kó wá ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ̀mí. Ẹnjiníà ńkọ́?"

Mo ti jáwọ́ nínú àlàyé. Màá ní, "Ẹnjiníà ń bọ̀, ẹ jókòó," màá wá fa súkúrúdíráfà yọ nínú dúrọ́ọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ jẹ mọ́ ìbéèrè yẹn. Ó lé díẹ̀ lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ń kó àwọn obìnrin jọ ní ṣọ́ọ̀bù yìí, tí à ń kọ nǹkan sórí Wikipedia ti Yorùbá, ìwé ìmọ̀ gbogbogbò tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà mẹ́ta ni ẹgbẹ́ náà tú ká kó tó dúró. Nítorí náà, ohun tí ẹ máa kà síbí, ara mi ni mo fi kọ́ ọ. Bí ẹ bá wà ní Ìsánlú, ní Mọ̀pà, ní Ẹ̀gbẹ̀, ní Ògìdì, tàbí níbikíbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ lè ṣe irú rẹ̀. Kò gba owó púpọ̀. Dátà, bísíkíìtì, àti sùúrù, sùúrù ló sì wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí ló dé tí obìnrin ò fi pọ̀ níbẹ̀?

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe tiwa nìkan. Wikipedia bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2001, ẹnikẹ́ni ló sì lè kọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń gbowó, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ṣùgbọ́n nígbà tí àjọ tó ń bójú tó o wádìí lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ ọ́ lọ́dún 2011, obìnrin ò pé mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Sue Gardner, obìnrin tó ń darí àjọ náà nígbà yẹn, ní òun fẹ́ kó di 25 nínú 100 tó bá fi máa di 2015. 2015 dé, ó kọjá, wọn ò débẹ̀. Obìnrin yìí kan náà ti kó ìdí mẹ́sàn-án jọ látinú ohun táwọn obìnrin fẹnu ara wọn sọ: pé ibi ìkọ̀wé náà ta kókó, pé àyè ò sí, pé ọkàn àwọn ò balẹ̀ pé àwọn mọ̀ tó, pé àwọn ò fẹ́ràn asọ̀, pé ohun táwọn kọ, wọ́n ń pa á rẹ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo gbà gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan fún Kàbà, àyè ni màá mú. Kì í ṣe pé obìnrin ibí ò ní àyè rárá o. Ó ní in, ó kàn já sí wẹ́wẹ́ ni: ogún ìṣẹ́jú níhìn-ín, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ tí wọ́n sì máa ń gbé fún un lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ a máa fẹ́ wákàtí mẹ́ta lójú kan.

Ìyá kan wà láàárín wa tó ń ta gàrí. Aago márùn-ún ìdájí ló ń jí. Omi, oúnjẹ ọmọ, ilé-ìwé, ọjà títí ilẹ̀ á fi ṣú, ó tún dorí iná. Ìgbà tí ẹ̀wà bá ń hó lálẹ́ nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ń dilẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ pé ẹ̀wà tí kì í tètè jinná ló sọ òun di òǹkọ̀wé. Nítorí náà, gbogbo iṣẹ́ tí ẹ bá fẹ́ fún wọn ṣe, ẹ gé e sí ìwọ̀n ẹ̀wà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó parí, kó lè rí i pé ó parí. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo èyí tó kù, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ọjọ́ àti ibi

Ẹ má mú Sátidé. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní ilẹ̀ Òkun, Sátidé ti ní olówó: òkú níbí, ìgbéyàwó lọ́hùn-ún, obìnrin ló sì ń dáná níbi méjèèjì. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ lásìkò kajú, nígbà tí gbogbo ọwọ́ wà lóko tó ń ṣa kóró. Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́ta sí márùn-ún, ló bá wa lára mu. Wọ́n ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti jẹun, ọkọ ti sùn. Mùsùlùmí kan ṣoṣo tó wà nínú wa ń kírun Àsárì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, a ti fi kẹ́tùlù omi sílẹ̀ fún un níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú ọmọ wá. Nígbà kan tí mo kọ ọ́ sórí WhatsApp pé kẹ́nikẹ́ni má gbé ọmọ wá, ènìyàn méjì ló yọjú. Mo tẹ́ ẹní sábẹ́ tábìlì báyìí.

Àkántì: ìdí tí mo fi sọ pé mẹ́fà

Ibí ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń forí ṣánpọ́n, bẹ́ẹ̀ ìṣirò lásán ni. Wikipedia kì í jẹ́ kí àkántì tuntun tó ju mẹ́fà lọ jáde láti ojú íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ìyẹn àdírẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IP, láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Wọ́n ṣe é nítorí àwọn tó ń fi àkántì rẹpẹtẹ ba nǹkan jẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pe ìpàdé, obìnrin mẹ́sàn-án ló wá, gbogbo wọn sì ń lo íntánẹ́ẹ̀tì fóònù mi. Mẹ́fà wọlé. Ẹni keje, tíṣà ni, tẹ̀ ẹ́, kò gbà á. Ó tún un tẹ̀, kò gbà á. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Aǹtí, ṣé mi ò sọ fún yín? Kọ̀ǹpútà ò fẹ́ràn mi." Èmi tí mi ò mọ òfin mẹ́fà nígbà yẹn ní bóyá ó tẹ nǹkan kan ṣì. Kò padà wá mọ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ pe mẹ́fà, tàbí kí ẹ ní kí oníkálukú fi dátà tirẹ̀ ṣí àkántì nílé kó tó máa bọ̀. Nígbà mìíràn, fóònù á sọ pé wọ́n ti dí ojú íntánẹ́ẹ̀tì náà pátápátá. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ló jọ ń gba ojú kan náà kọjá; bí ẹnì kan tí ẹ ò mọ̀ rí bá hùwà burúkú, gbogbo yín ni ilẹ̀kùn máa tì mọ́. Ẹ pààrọ̀ SIM, ẹ gbìyànjú ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn. Kí ẹ sì sọ ọ́ síta, kó gbọ́ ọ létí méjèèjì, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Kò pọn dandan kó lo orúkọ ara rẹ̀. Mo tilẹ̀ máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n má lò ó, nítorí àwọn kan á rí orúkọ obìnrin, wọ́n á wá a dé Facebook, wọ́n á máa kí i ní "hello dear" láago méjì òru. Ọ̀kan nínú wa ń jẹ́ orúkọ ọbẹ̀ kan. Kó ṣáà fi íméèlì sí i, nítorí bó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà láìsí íméèlì, àkántì yẹn ti lọ nìyẹn.

Ẹ má gba máòsì lọ́wọ́ rẹ̀

Níbi tí mo ti kàwé, kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà fún gbogbo kíláàsì. Àwọn ọkùnrin á ti sáré jókòó. Àwa obìnrin á dúró lẹ́yìn wọn tàwa ti ìwé, a máa kọ ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sílẹ̀. Mo ti mọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà lórí kí ìka mi tó kan bọ́tìnnì. Mo gba A nínú ìdánwò rẹ̀. Mi ò lè tan án.

Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí obìnrin ò ṣe rí. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣètò iṣẹ́ fún ENIAC, ẹ̀rọ ìṣirò ràgàjì tí wọ́n fi han ayé ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1946, obìnrin ni wọ́n, mẹ́fà. (Mẹ́fà náà, ẹ ò rí nǹkan!) Ní Amẹ́ríkà yìí kan náà, lọ́dún 1984, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, nǹkan bí 37 ló jẹ́ obìnrin. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, iye yẹn ti já wálẹ̀ sí bí 18. Ọ̀kan nínú ohun táwọn olùwádìí tọ́ka sí ni pé ìgbà yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà ń wọ inú ilé, tí wọ́n ń polówó rẹ̀ bí ohun ìṣeré ọmọkùnrin, tí àwọn òbí sì ń gbé e sí yàrá ọmọkùnrin. Ọmọkùnrin á dé yunifásítì, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn. Ọmọbìnrin á dé, á rò pé orí òun ni kò pé.

Nítorí náà, bí mo bá ń kọ́ ènìyàn, ẹ̀yìn mi ni mo ń kó ọwọ́ mi méjèèjì sí. Ẹnu nìkan ni mò ń lò. "Ẹ lọ sókè. Ẹ lọ sọ́tùn-ún. Ẹ padà díẹ̀." Ó nira ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ràn mí lọ́wọ́, ọmọkùnrin tó mọ iṣẹ́ dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ ò lè jókòó: obìnrin á ṣì máa wá bọ́tìnnì, òun á ti nawọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo gbé ọmọ ọlọ́mọ fún un pé kó máa bá wa gbé e. Láti ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ ń lọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ pátápátá

Ẹ má ní kí wọ́n dá ojú ìwé tuntun sílẹ̀. Wikipedia Yorùbá ti ní ojú ìwé tó lé ní 30,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní àmì. Àmì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tún fóònù ṣe. Ẹ ṣí ètò Gboard, ẹ lọ síbi èdè, ẹ fi Yorùbá kún un. Ẹ ó rí ẹ, ọ àti ṣ, àti àmì ohùn. Ẹ wá ojú ìwé kan tí wọ́n kọ láìsí àmì, ẹ tẹ àwòrán kálámù tó wà lókè, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá elégàárí ló kọ́kọ́ ṣe é. Ó rí gbólóhùn kan nípa obìnrin kan, ó ń kà á sókè bí wọ́n ṣe kọ ọ́: "Ó bí ọmọ mẹ́ta fún oko rẹ̀." Ó dákẹ́. Ó gbójú sókè. "Oko kẹ̀? Ṣé ẹ̀gẹ́ ló bí ni?" Ẹ̀rín pa wá, ọmọ tó ń sùn lábẹ́ tábìlì jí. Ìyá nu ojú, ó tẹ kálámù, ó pa o àkọ́kọ́ rẹ́, ó fi ọ sí i, ó pa èkejì rẹ́, ó fi ọ sí i. *Ọkọ.* Ó tẹ bọ́tìnnì tó fi ń gbé e jáde. Kò gbà wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tòun ti ẹ̀rín. Mo wá fi ìtàn ojú ìwé náà hàn án, níbi tí gbogbo àtúnṣe àti orúkọ ẹni tó ṣe é máa ń wà.

"Èmi rèé?"

"Ẹ̀yin rèé, Màmá."

"Ó sì máa wà níbẹ̀?"

"Níwọ̀n ìgbà tí ojú ìwé yẹn bá ṣì wà."

Ó gba fóònù, ó tún un wò. Ó ní kí n bá òun ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò òun tó wà ní Àbújá.

Ohun kan wà tí àwọn ará Ìbàdàn ò ní mọ̀, àwa ọmọ Òkun la mọ̀ ọ́n lára: ẹ̀rù Yorùbá. Obìnrin Owé, Bùnú tàbí Yàgbà á ní, "Yorùbá tèmi ò dán o, ti oko ni." Ohun tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ wa nílé-ìwé ṣì ń gbé nínú wa. Èsì mi kì í gùn. Mo máa ń béèrè pé Bíbélì wo ni wọ́n ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ta ló sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n á ní Bíbélì Yorùbá ni, kò sẹ́ni tó ń túmọ̀ rẹ̀. Ó parí.

Ọjọ́ tí wọ́n bá pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́

Ọjọ́ yẹn ń bọ̀, ẹ tètè sọ fún wọn. Tèmi ṣẹlẹ̀ lórí ojú ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ. Mo kọ nípa olùkọ́ mi kan tó ti dolóògbé, obìnrin tó kọ́ ìdajì ìlú ní ìwé. Mo fi òru odidi kọ ọ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, kò sí mọ́. Mo sunkún, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi ni: inú ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀ ni mo ti da gbogbo rẹ̀ kọ, ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sì ni, mi ò ní àṣẹ rẹ̀. Lékè rẹ̀, mi ò ní ẹ̀rí mìíràn. Wikipedia fẹ́ ìwé ìròyìn, ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde, iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé. "Gbogbo Kàbà mọ̀ ọ́n" kì í ṣe ẹ̀rí lọ́dọ̀ wọn.

Ibí lọ̀rọ̀ ti wá le fún obìnrin. Olùkọ́ mi yẹn, kò síwèé ìròyìn tó kọ nípa rẹ̀ rí. Bí ìwé ìròyìn ò bá kọ ọ́, ẹ̀rí ò sí. Bí ẹ̀rí ò bá sí, ojú ìwé ò sí. Akọ̀ròyìn tó ń bọ̀ lọ́la á wá orúkọ rẹ̀, kò ní rí i, á kọ nípa ẹlòmíràn. Kì í ṣe ìlú kékeré nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2018, ẹnì kan kọ nípa Donna Strickland, onímọ̀ físíìsì ọmọ Kánádà. Wọ́n dá a padà pé ẹ̀rí tó wà níbẹ̀ ò fi hàn pé ó tó ẹni tí à ń kọ nípa rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ó gba ẹ̀bùn Nobel. Ọjọ́ yẹn gan-an ló tó ní ojú ìwé.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ẹ̀rí wọn pọ̀ nílẹ̀. Nike Davies-Okundaye, tí wọ́n bí ní Ògìdì níbí lọ́dún 1951, tó fi àdìrẹ yí ayé po. Grace Alele-Williams, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé, lọ́dún 1963, tó sì di gíwá Yunifásítì Benin lọ́dún 1985. Funke Opeke, tí ilé-iṣẹ́ tó dá sílẹ̀, MainOne, fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun láti Pọtogí wá sí Èkó lọ́dún 2010. Ẹ má ní kí ẹnì kan kọ odidi ìgbésí ayé wọn. Gbólóhùn kan, ẹ̀rí kan, ó tó fún ìkòkò ẹ̀wà kan.

Aṣọ Bùnú náà wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin Bùnú ló ń hun aṣọ lórí òfì ìdúró látijọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé òkèèrè sì ti kọ̀wé nípa aṣọ ìpò, aṣọ pupa tó wà fún òkú ẹni ńlá. Ẹ̀rí ti wà nílẹ̀, ọmọ àwọn tó hun ún ló kù tí yóò kọ ọ́ ní Yorùbá. Bí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán sí i, fóònù ara yín ni kẹ́ ẹ fi yà á, kí ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni aṣọ. Ẹ má gbé ti Facebook.

Bí wọ́n bá pa nǹkan rẹ́, a jọ ń jókòó kà á ni. A ń ṣí ìtàn ojú ìwé, a ń wo ìdí tí wọ́n kọ, a ń fèsì lójú ìwé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ti ṣàkíyèsí pé ọkùnrin tí wọ́n pa tirẹ̀ rẹ́ máa ń bínú sí wọn, obìnrin á bínú sí ara rẹ̀. Ìbínú sí ara ẹni yẹn ló ń lé wọn lọ, ẹ má jẹ́ kó dá nìkan gbé e sùn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ

Àwọn kan á bínú sí mi fún èyí. Obìnrin tó bá ń tẹ fóònù láago mẹ́sàn-án alẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Méjì nínú wa ló ti bá irú ìjà yẹn pàdé. Mo ní kí wọ́n fi ojú ìwé náà han ọkọ wọn lẹ́ẹ̀kan, orúkọ àkántì wọn lórí rẹ̀, ó tán. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ náà ló ń ra dátà fún ìyàwó rẹ̀ báyìí. Èkejì ò sọ nǹkan kan, ìyẹn náà tó.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣòro, bísíkíìtì wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ń pòórá. Ìkìlọ̀ gbogbogbò lórí WhatsApp kì í mú ẹnikẹ́ni wá. Ní Ọjọ́bọ̀, mo máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ, pẹ̀lú iṣẹ́ kékeré kan tó jẹ́ ti onítọ̀hún nìkan: gbólóhùn tó ń wá ẹ̀rí, àmì tó ṣẹ́kù. Ẹni tó bá mọ̀ pé nǹkan kan ń dúró de òun kì í tètè gbàgbé ọ̀nà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá elégàárí pé ojú ìwé kan wà nípa Ìjùmú tí kò ní àmì kankan, àti pé mo fi sílẹ̀ fún un. Ó tó aago mẹ́jọ alẹ́ kí èsì rẹ̀ tó wọlé. Mo ń gbọ́ ṣíbí tó ń kan ìkòkò lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Aǹtí, ìrẹsì la sè lónìí. Ẹ bá mi fi í sílẹ̀ dọ̀la."